Ìdánwò Tí Kò Gba Ìwé Kíkà

Ẹni tó bá wà ní ìpàdé wa tó gbẹ̀yìn ní sáà tó kọjá á rántí ewì kan tí mo kà níbẹ̀. Ewì nípa obìnrin tó sanra ni. Mo ní bó bá ń rìn lọ, ilẹ̀ ń dá a lóhùn. Mo ní ẹni tí kò rí ẹran mọ́ egungun ara tirẹ̀ ló ń pe ẹlòmíì ní àgbá. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi gan-an. Ẹnìkan tiẹ̀ dìde, ó lẹ náírà mọ́ mi níwájú orí bí ẹni wà lóde ìnáwó. Àwọn obìnrin tó sanra bíi tèmi tó jókòó lẹ́yìn ń pariwo pé, "Sọ fún wọn! Sọ fún wọn!"

Nǹkan tí mi ò sọ fún yín lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ síbí. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí n tó dìde kawì yẹn, mi ò jẹ oúnjẹ gidi kan. Bí mo ṣe ń yin ara tó sanra yẹn, ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, ojú ń ṣú mi. Torí kí ni? Torí pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo máa gun ẹ̀rọ kan ní ọ́fíìsì dókítà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀rọ náà sọ pé mi ò sanra.

Ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Màámi ń ta aṣọ ní Gbági Tuntun, ní Ìbàdàn níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ọjà yẹn rí, ẹ mọ bí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ṣe ń jókòó. Ẹni bá jókòó láàárọ̀, àfi kí oníbàárà mú un dìde. Oúnjẹ á bá a níbẹ̀, mínírà tútù á bá a níbẹ̀. Ó ti pé ọdún 7 tí wọ́n ti sọ fún Màámi pé ó ní àtọ̀gbẹ. Ó ń lo oògùn, ó ń lọ síbi ìtọ́jú lóṣooṣù, a sì rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ní ọdún tó kọjá, bàtà tuntun kan tó wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ha á lẹ́sẹ̀. Egbò kékeré ni. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ tó bá ti pẹ́ lára máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, kò sì dùn ún rárá. Nígbà tí òórùn rẹ̀ fi máa jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ibẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ti kú. Wọ́n gé méjèèjì.

Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọsibítù. Lọ́jọ́ kan, dókítà yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò tán, ó gbójú sókè, èmi ló wò. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Nígbà wo lo ti wọn ara ẹ kẹ́yìn?" Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àtọ̀gbẹ irú èyí máa ń rìn nínú ẹbí, ó sì máa ń yára bá ẹni tí ọ̀rá bá pọ̀ ní ikùn rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lórí ikùn òfìfo, kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní body composition test. Bí ẹ bá ní kí n túmọ̀ rẹ̀, èmi á pè é ní àyẹ̀wò ohun tó para pọ̀ di ara. Ìwọ̀n lásán á sọ pé o tẹ̀wọ̀n tó báyìí. Àyẹ̀wò yìí á bi í léèrè pé: nínú ìwọ̀n yẹn, mélòó ni ọ̀rá, mélòó ni ẹran ara, mélòó ni omi?

Wọ́n júwe ọ́fíìsì kan fún mi ní apá Ring Road. Àwọn náà fún mi ní ìwé kan, ojú kan ṣoṣo, pé kí n múra sílẹ̀ báyìí:

Má jẹun fún wákàtí 8 kí o tó dé, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí a máa gbà. Mu omi bí o ṣe máa ń mu ún. Má dín in kù, má sì mu ún ní àmujù. Má ṣe eré ìdárayá tó le fún wákàtí 12. Má mu ọtí fún wákàtí 24. Tọ̀ kí o tó gun ẹ̀rọ. Wọ aṣọ fẹ́lẹ́. Bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀. Yọ gbogbo ohun tó bá jẹ́ irin lára rẹ. Bí o bá lóyún, bí o bá ń ṣe nǹkan oṣù, tàbí tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí ọ lára láti ran ọkàn rẹ lọ́wọ́, sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ó tán. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Nínú gbogbo handout tí mo ti gbà láti ọdún kìn-ín-ní mi, kò sí èyí tó kúrú tó o.

Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bá a ṣe ń múra ìdánwò. A ó ká ìwé sórí, a ó fi ẹsẹ̀ bọ omi tútù kóorun má gbé wa lọ, a ó wá past question kiri. Ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run á tiẹ̀ kọ expo sí ìdodo. Èyí wá ní kí n sùn, kí n mu omi, kí n wá bí mo ṣe rí. Bí mo ṣe rí kẹ̀? Ṣebí bí mo ṣe rí gan-an ni mi ò fẹ́ kí wọ́n rí.

Ẹni tó ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì òkè mi, Lẹ́pa la máa ń pè é. Èmi, ẹ mọ nǹkan tí wọ́n ń pè mí. Lẹ́pa ka ìwé tó wà lára ògiri, ó pòṣé. Ó ní, "Orobo mi, ṣé ìdánwò ni, àbí kì í ṣe ìdánwò? Ta ló ń lọ ìdánwò láì jíwèé?" Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta tíì tó ń mú ni rù. Obìnrin tí wọ́n yà sára páálí rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti agbọ́n. Lẹ́pa ní kí n máa mu ún láàárọ̀ lálẹ́. Ó ní kí n má mu omi mọ́, torí omi wúwo. Ó ní kí n wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn kí n máa sáré yí pápá ká ní ìdájí.

Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Láti àárọ̀ Sátidé títí di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, inú mi ń dùn. Síkéèlì kékeré tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Lẹ́pa ń bọ̀ wálẹ̀ lójoojúmọ́. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé tí mo kawì fún yín, ó ti dín ní kílò 3. Àtẹ́wọ́ yín ṣì ń dún létí mi nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Tápù ò yọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ gbé garawa omi láti ìdí bọhóòlù kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo jókòó sínú ilé ìyàgbẹ́ nínú òkùnkùn, mo ń rántí ìlà tí ẹ pàtẹ́wọ́ sí jù nínú ewì mi, ojú sì ń tì mí bí ẹni jalè.

Bí mo ṣe dé Ring Road láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú mícrà, ọ̀nà ń yí mi lójú. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ìyá àgbàlagbà díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ Màámi. Ó mú ọwọ́ mi, ó fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi sókè díẹ̀, ó wò ó bó ṣe ń padà lọ jẹ́jẹ́. Ó wo ètè mi.

"Kí lo mu?"

"Mi ò mu nǹkan kan, mà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o mu nǹkan kan. Kí lo mu?"

Mo jẹ́wọ́. Tíì, súwẹ́tà, pápá, gbogbo rẹ̀ ni mo kà sílẹ̀. Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi, ì bá sàn. Ó fà mí lọ́wọ́, ó fi ẹ̀rọ náà hàn mí: pẹpẹ tí ènìyàn máa fẹsẹ̀ òfìfo dúró lé, irin méjì tí ènìyàn máa fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Ó ní, "Wá wò ó, ọmọ mi. Iná mànàmáná kékeré kan ni ẹ̀rọ yìí máa rán gba ara ẹ kọjá. O ò níí mọ̀ ọ́n lára. Omi tó wà nínú ẹran ara ló ń gbé iná yẹn kọjá wẹ́rẹ́. Ọ̀rá ò ní omi púpọ̀, kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Bí iná bá ṣe rọ́nà sí ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò ọ̀rá. Ìwọ wá da omi ara ẹ nù. Iná á dé ibẹ̀, kò níí rọ́nà. Kí ni ẹ̀rọ máa sọ?"

Mo dákẹ́.

"Á ní ọ̀rá ni. O fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ, á sì fi ọ̀rá tí o ò ní kún èyí tí o ní."

Mo ní síkéèlì fi hàn pé mo ti dín ní kílò 3. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lítà omi kan, kílò kan ni. "Garawa lo dà nù, o ní o rù. Bó o bá mu omi tán lónìí, á padà wálé." Ó pò súgà àti iyọ̀ díẹ̀ sínú omi fún mi, ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Ó ní kí n lọ jẹun bí ènìyàn, kí n padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀.

Mi ò lè padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Gbági.

Màámi jókòó sáàárín aṣọ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ yẹn lé àpótí. Ó ń bá oníbàárà kan ná ọjà lọ́wọ́. Nígbà tí oníbàárà lọ, mo rò fún un. Mo rò pé á bú sẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín lóòótọ́, pàápàá níbi ọ̀rọ̀ súwẹ́tà méjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó ń fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ kan, kò wò mí.

Ó ní, "Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ."

Mo ní, "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ò mu tíì rí?"

Ó wá sọ nǹkan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé rí fún mi. Ó ní tí ọjọ́ ìtọ́jú bá ti ku ọjọ́ méjì, òun á pa mínírà tì. Òun á pa búrẹ́dì tì. Òun á máa mu omi ewúro, òun á máa jẹ ẹ̀fọ́. Tí wọ́n bá wá gbẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, súgà á ti wálẹ̀. Dókítà á ní, "Màmá, ẹ kú ìgbìyànjú." Inú òun á dùn bí ọmọ ilé ìwé tó gbapò kìn-ín-ní. Kí òun tó wọ ọkọ̀ padà sí ọjà, òun á ti ra mínírà.

"Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣe é," ló wí.

Nígbà tí ẹsẹ̀ yìí wá dé, wọ́n ṣe àyẹ̀wò mìíràn fún un. Èyí tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ń sọ nípa àárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan. Èyí kejì, tí wọ́n ń pè ní HbA1c, ń wo súgà tó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti nǹkan bí oṣù 2 sí 3 sẹ́yìn. Ewúro ọjọ́ méjì ò lè pa á rẹ́. Màámi ní, "Àṣé ẹ̀jẹ̀ mi ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà kọ́ ni mo tàn jẹ. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo tàn jẹ."

Oníbàárà mìíràn dé. Ó nu ojú, ó dìde, ó ń tiro lọ bá a. "Ẹ káàbọ̀ o, Àǹtí. Léèsì ni àbí àǹkárá?"

Mo lo ọ̀sẹ̀ yẹn bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe yẹ kó lò ó: mo lọ sí láíbùrárì. Mo fẹ́ mọ ìdánwò tí mo fẹ́ ṣe. Mo kà pé ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń fi sọ pé ènìyàn sanra jù, èyí tí wọ́n ń pè ní BMI, kì í ṣe dókítà ló ṣe é. Adolphe Quetelet ni, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìràwọ̀ àti ìṣirò. Ní àwọn ọdún 1830 ló rí i pé ìwọ̀n àgbàlagbà máa ń bá gíga rẹ̀ lọ lọ́nà kan: kí o fi gíga ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí o wá fi ohun tó bá jáde pín kílò. Ohun tó ń wá ni bí ènìyàn àárín ṣe rí, kì í ṣe àìsàn. Ọdún 1972 ni Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní. Ìṣirò náà ò mọ ẹran yàtọ̀ sí ọ̀rá. Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ kan àti oníjókòó kan lè ga bákan náà, kí wọ́n tẹ̀wọ̀n bákan náà, ó sì máa pe àwọn méjèèjì ní nǹkan kan náà. Ìdí nìyẹn tí irú àyẹ̀wò tèmi fi wà.

Mo tún rí i pé ẹ̀rọ tèmi náà ò fojú rí ọ̀rá. Ó ń wo bí iná ṣe kọjá, ó sì ń fi gíga, ọjọ́ orí, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin kún un, ó wá ń ṣírò. Ara àwọn kan ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn níbẹ̀rẹ̀, ara àwa sì lè yàtọ̀ sí tiwọn. Nítorí náà, dókítà tó bá mọṣẹ́ kì í di nọ́ńbà kan ṣoṣo mú. Á wo ẹ̀jẹ̀, á fi téèpù wọn ìbàdí.

Níbi téèpù yẹn ni mo ti rántí Ìyá Àgbà. Àwọn ló so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ mi ní ìdí nígbà tí mo wà ní JSS 2. Tí mo bá wálé fún ọlidé, wọn á pè mí sí yàrá, wọn á fi ìka méjì bọ abẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà. Tí ìka bá wọlé, wọn á ní, "Ó dáa." Tí kò bá wọlé, wọn á bi mí pé kí ni mò ń jẹ nílé ìwé. Wọ́n máa ń sọ pé bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ń gé èèyàn lára, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ló kúrú. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti mú un lọ fún onílẹ̀kẹ̀ pé kó fi kún òwú rẹ̀. Mi ò sì bi ara mi ní ìbéèrè tí wọn ì bá bi mí.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá, ẹ wo èdè wa náà. Tí ẹnìkan bá ti ìrìn-àjò dé, a ó ní, "Ah, o ti sanra o," oríire la fi ń kí i. Tí a bá ní, "O rù," a ti ń béèrè àìsàn tàbí ìyà tó jẹ ẹ́ nìyẹn. Mi ò dá àwọn bàbá wa lẹ́bi. Ebi ni wọ́n mọ̀. Èdè wa mọ ebi ju bó ṣe mọ mínírà lọ. Ṣùgbọ́n àwa tó ń fi mínírà sin gúgúrú ní gbogbo ọ̀sán, tí à ń fi indomie sun oorun, ó yẹ ká wá ọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ èébú, tí kò sì ní jẹ́ oríkì. Ọ̀rọ̀ tá a fi lè bi ara léèrè lásán pé: báwo ni?

Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Ajé kejì, mo jẹ àmàlà àti ewédú ní aago 8. Mo mu omi bí mo ṣe máa ń mu ún. Mi ò sáré, mi ò wọ súwẹ́tà. Lẹ́pa ní, "O ò fẹ́ pass nìyẹn." Mo ní mo fẹ́ sùn.

Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì tún fa awọ ọwọ́ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó padà wéré. Ó gbẹ̀jẹ̀. Mo lọ tọ̀. Mo yọ yẹtí, mo yọ aago, mo yọ ṣéènì. Mo wá dúró, mo di ìdí mi mú, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.

"Kí ló tún ṣẹlẹ̀?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ ni, mà. Kò ní ibi tí wọ́n ti ń tú u. Àfi ká gé e."

Ó ní, "Ṣé irin wà níbẹ̀?"

"Rárá, mà. Ìlẹ̀kẹ̀ àti òwú lásán ni."

"Ta ló so ó?"

"Ìyá wa àgbà. Wọ́n ti kú."

Ó ní, "Fi í síbẹ̀. Kò dí iná lọ́wọ́." Ó mú téèpù, ó wọn ìbàdí mi. Ìka rẹ̀ ò wọ abẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Mo gun ẹ̀rọ. Irin rẹ̀ tutù ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì kúrò lára bí adìyẹ tó fẹ́ fò. Nǹkan bíi ìṣẹ́jú kan ni. Mi ò mọ nǹkan kan lára. Ẹ̀rọ náà dún pín-ín, ìwé yọ jáde.

Ẹ̀yin ni mo tàn lálẹ́ ọjọ́ ewì, ẹ̀yin náà ni mo máa fi èsì hàn. Mo ga ní mítà 1.64. Mo tẹ̀wọ̀n kílò 88. Nínú rẹ̀, kílò 36 ni ọ̀rá, ìyẹn bí ìdá 41 nínú 100. Ìbàdí mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 98, bẹ́ẹ̀ 88 ni wọ́n ń sọ pé kí obìnrin má kọjá. Nọ́ọ̀sì fi bírò tọ́ka sí ibì kan nínú ìwé náà, ó ní ẹran ẹsẹ̀ mi lágbára. Mo ní omi tí mò ń gbé gun àjà kẹta ni. Ó ní kí n máa gbé e lọ.

Dókítà wo ẹ̀jẹ̀ mi: 104. Ó ní tí kò bá tó 100, kò sí wàhálà. Tó bá di 126, àtọ̀gbẹ la ti ń sọ. Ó ní, "O ò tíì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ lo wà, o sì ṣì lè yà." Kò ní kí n má jẹun. Kò ní kí n di Lẹ́pa. Ó ní kí n jáwọ́ nínú mínírà, kí n máa rìn fún ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ó kéré tán ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Ó ní tí mo bá lè fi kílò 4 sí 6 sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí mi ò sì jẹ́ kó padà, ewu náà á dín kù gan-an. Kílò 4 sí 6 péré! Mo ti rò pé àfi kí n di ẹlòmíì. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kejì yẹn, irú ti Màámi, èyí tí ewúro ò lè pa rẹ́.

Mi ò fa ewì mi ya. Mo ṣì gbà á gbọ́. Ẹni tó bá pe ẹnikẹ́ni ní àgbá lójú mi, ewì yẹn náà ni mo máa kà sí i létí. Ṣùgbọ́n mo ti kọ díẹ̀ kún un, òun nìyí:

Ara mi, mo yìn ọ́ lójú agbo,
mo febi pa ọ́ ní kọ̀rọ̀.
Jókòó, ká jọ sọ̀rọ̀.
Mo ti yọ yẹtí, mo ti bọ́ bàtà, mò ń gbọ́.

Tẹ́ ẹ bá rí mi tí mò ń fẹsẹ̀ rìn láti họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ sí fákọ́tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé ṣé owó ọ̀kadà ló tán. Ẹ bá mi rìn. Tó bá di ọjọ́ Sátidé, èmi àti Màámi la jọ ń rìn yí àdúgbò wa ká, òun pẹ̀lú bàtà tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ Ìyá Àgbà. A kì í yára. Tí a bá dé ìdí oní-mínírà, àwọn méjèèjì á wo ara wọn, a ó bú sẹ́rìn-ín, a ó kọjá. Lọ́jọ́ míì, a kì í kọjá. A ra ọ̀kan ní Sátidé tó lọ, a pín in mu. Màámi ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ o. Má fi pamọ́ fún dókítà."

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ò tíì pé. Mi ò mọ nǹkan tí ẹ̀jẹ̀ mi máa sọ, ṣùgbọ́n mi ò níí jíwèé wọlé lọ́jọ́ náà.